Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ọ́fíìsì Kọ̀ Láti Ṣiṣẹ́: Ibi Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Wò, àti Ibi Tó Kàn

Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti kọ̀ ní ọ́fíìsì, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wo ibì kankan kí wọ́n tó pe ilé-iṣẹ́ tó ń tà á fún wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún àwọn ọ́fíìsì kéékèèké ní Wuse, Utako, Garki àti Kubwa ní Àbújá, ohun tí mo sì rí ni pé inú ilé ni ìdí ọ̀rọ̀ máa ń wà ju ìta lọ: iná tó lọ tó bọ̀, wáyà tí eku jẹ lókè àjà, ráútà kejì tí ẹnì kan gbé wá láti ilé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá pe ìta kó tó wo inú lè jókòó di ọjọ́ kejì, kí ẹni tí wọ́n rán wá sì fi ọwọ́ ti wáyà kan wọlé dáadáa, kó máa lọ.

Ẹni tí mò ń kọ èyí fún ni ẹni tí gbogbo ọ́fíìsì ń ké sí bí nǹkan bá bàjẹ́, ìbáà jẹ́ akọ̀wé, ìbáà jẹ́ olùṣírò owó, ìbáà jẹ́ ọ̀gá fúnra rẹ̀, tí kò kọ́ iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbì kankan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí kọ̀ǹpútà tó ń fa wàhálà, kẹ́ ẹ máa lọ síta díẹ̀díẹ̀: wáyà, súwíìṣì (àpótí oníhò púpọ̀ tí wáyà àwọn kọ̀ǹpútà ti ń pàdé), ráútà (àpótí tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo wọn), lẹ́yìn náà ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Nǹkan kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá tún nǹkan kan ṣe, ẹ dá a padà sí bẹ́ ẹ ṣe bá a kẹ́ ẹ tó gbìyànjú òmíràn. Ẹni tó yí nǹkan mẹ́rin padà pọ̀ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́, ó sì lè ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá wàhálà tuntun sílẹ̀.

Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan

“Ẹ̀gbọ́n, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ o.” Ìdáhùn mi sí gbólóhùn yìí kì í yí padà: “Ṣé gbogbo yín ni, àbí ìwọ nìkan?” Bó bá jẹ́ ẹnì kan ni, wáyà rẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ tàbí àdírẹ́sì rẹ̀ (nọ́mbà tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) la máa wò. Bó bá jẹ́ gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá kan, súwíìṣì tó wà nínú yàrá yẹn ni. Bó bá jẹ́ gbogbo ilé, ráútà tàbí ìta. Bó bá jẹ́ pé àwọn tó ń lo Wi-Fi nìkan ló ń ké, tí àwọn tó fi wáyà so ń ṣiṣẹ́ lọ, ẹ ti mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ tún béèrè ohun tó yí padà láti àná. Àwọn èèyàn kì í rò pé ó kan ọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ dárúkọ nǹkan fún wọn: ṣé kunlékunlé wá? Ṣé ẹni tó ń tún AC ṣe gun òkè àjà? Ṣé wọ́n gbé tábìlì kan kúrò níbi tó wà? Ṣé ẹ ra pírńtà tuntun? Ṣé iná lọ lóru? Mo ti rí i tó jẹ́ pé ìbéèrè yìí nìkan ló yanjú ọ̀rọ̀, nítorí pé ẹni tó gbálẹ̀ láàárọ̀ ló yọ ṣájà ráútà kó lè fi pulọ́ọ̀gì ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ síbẹ̀.

Iná mànàmáná ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí

Ní ìlú tí iná ti ń lọ sí jẹnẹrétọ̀, tó ń padà sí NEPA, tó tún ń bọ́ sórí ínfátà láàárín ọjọ́ kan, ibí ni mo máa ń lo àkókò mi jù. Ìgbàkígbà tí iná bá yí láti ibì kan sí òmíràn láìsí ohun tó dì í mú, ráútà á kú, á tún tàn. Àpótí fáíbà tó wà lára ògiri, tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé láti ìta, náà á kú, á tún tàn. Àtúntàn yẹn lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan, èèyàn á sì ti pariwo pé íntánẹ́ẹ̀tì ti lọ, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ṣì ń jí ni. Ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn tí iná bá yí kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Bí kò bá padà wá fúnra rẹ̀, ẹ pa gbogbo rẹ̀, kẹ́ ẹ tún tàn án ní títò. Àpótí fáíbà tàbí módẹ́ẹ̀mù ni àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ dúró títí iná ara rẹ̀ á fi dúró sójú kan. Ráútà ló kàn, kẹ́ ẹ tún dúró. Lẹ́yìn náà súwíìṣì, lẹ́yìn náà àwọn kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá tan gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè bá ráútà tó ti béèrè àdírẹ́sì lọ́wọ́ fáíbà tí kò tíì jí, tí kò rí ìdáhùn, tó wá jókòó síbẹ̀ lásán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ki abẹ́rẹ́ bọ ihò kékeré tí wọ́n kọ Reset sí lẹ́yìn ráútà. Pípa àti títàn kọ́ nìyẹn. Ohun tí ihò yẹn ń ṣe ni pé ó ń pa gbogbo ètò rẹ́: orúkọ Wi-Fi, ọ̀rọ̀ aṣínà, àti orúkọ ìwọlé tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fi sínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wàhálà tó jẹ́ ti ìṣẹ́jú mẹ́wàá á di ti ọjọ́ méjì.

Ẹ wo àdápítà náà dáadáa. Ráútà, súwíìṣì àti kámẹ́rà CCTV sábà máa ń ní àdápítà tó jọra lójú, tí ẹnu wọn bá ihò kan náà mu, àmọ́ tí ọ̀kan jẹ́ fólítì 9, tí èkejì jẹ́ 12. Bí wọ́n bá ti pàrọ̀ wọn níbi ìgbálẹ̀, ráútà tó nílò 12 á tàn pẹ̀lú 9, iná rẹ̀ á máa ṣẹ́jú, á sì máa kú tó bá ti ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Ẹ fi ohun tí wọ́n kọ sára àdápítà wé ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ráútà: fólítì gbọ́dọ̀ bára mu, ampere ti àdápítà kò sì gbọ́dọ̀ kéré sí ti ráútà. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀rọ sára àdápítà rẹ̀ lónìí yìí, kí ọ̀rọ̀ yẹn má bàa tún wáyé.

Iná tó ń wọlé fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Fólítì 230 ló yẹ kó máa wá, àmọ́ ó lè lọ sílẹ̀ gan-an ní ìrọ̀lẹ́, ó sì lè fò sókè lójijì nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un wá. Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ fi àpótí fáíbà, ráútà àti súwíìṣì àkọ́kọ́ sórí ínfátà tàbí UPS tiwọn, kó máà sí AC tàbí pírńtà alágbára lórí rẹ̀. Agbára tí àwọn ẹ̀rọ mẹ́ta yìí ń jẹ kò tó nǹkan. Owó tẹ́ ẹ máa ná sí èyí á dín ìdajì ìpè “nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ” kù ní ọ́fíìsì yín. Ó dá mi lójú.

Ooru àti eruku náà ń bá ẹ̀rọ jà. Ní Oṣù Kẹta, nígbà tí oòrùn Àbújá bá mú, ráútà tí wọ́n tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onílẹ̀kùn yóò gbóná débi tí yóò fi máa kú fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án, tí á sì dára lówùúrọ̀. Ní àsìkò ọyẹ́, ní Kano, Kaduna àti Zaria ju Àbújá lọ, eruku á wọ inú súwíìṣì, á dí ibi tí atẹ́gùn ń gbà jáde. Ẹ pa á, ẹ fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ nù, ẹ má fi aṣọ tútù nù ún.

Wáyà

Ẹ wo ihò tí wáyà wọ̀ lára kọ̀ǹpútà àti lára súwíìṣì. Bí iná kékeré ibẹ̀ kò bá tàn níhà méjèèjì, ọ̀rọ̀ wáyà tàbí ihò ni. Ẹ mú wáyà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ẹ fi sí i. Bó bá tàn, wáyà àkọ́kọ́ ló bàjẹ́. Bí kò bá tàn, ẹ yí i sí ihò mìíràn lára súwíìṣì. Ìdánwò yìí kò gba ìṣẹ́jú méjì.

Wáyà tó ṣòro jù ni èyí tó ń ṣiṣẹ́ lápá kan. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní okùn mẹ́jọ nínú. Iyára 100 Mbps (Mbps ni wọ́n fi ń wọn iyára nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ń lo mẹ́rin péré, àmọ́ iyára 1000 ń lo gbogbo mẹ́jọ. Bí okùn kan bá gé nínú àwọn mẹ́rin yòókù, kọ̀ǹpútà kò ní kú, yóò kàn jábọ́ sí 100 ni, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ ìdí tí fáìlì fi ń pẹ́ kó tó ṣí láti sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń pa fáìlì gbogbo ọ́fíìsì mọ́. Lórí Windows, ẹ lọ sí Settings, kẹ́ ẹ ṣí Network, kẹ́ ẹ ṣí Ethernet, kẹ́ ẹ wo Link speed. Bí gbogbo ọ́fíìsì bá wà lórí 1000/1000 tí ẹnì kan wà lórí 100/100, ẹ ti rí wáyà tẹ́ ẹ máa pààrọ̀.

Mo rọ̀ yín kẹ́ ẹ má tan ara yín níbi wáyà. Ní Banex Plaza, ní Emab, ní ọjà kọ̀ǹpútà èyíkéyìí, ẹ máa rí àpótí wáyà méjì tí wọ́n kọ Cat6, irú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan, sí lára, tí owó wọn jìnnà síra. Èyí tó pọ́ọ́kú sábà máa ń jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú, tí wọ́n ń pè ní CCA. Ẹ fi ọ̀bẹ họ okùn kan: bàbà gidi pọ́n dé inú, CCA á funfun bí fàdákà lábẹ́. Àpótí rẹ̀ náà fúyẹ́. Ó máa ń ṣẹ́ níbi tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, ó sì burú jù fún kámẹ́rà tàbí Wi-Fi tó ń gba iná gba inú wáyà yẹn kan náà, nítorí pé ó ń gbóná, fólítì sì ń sọnù lójú ọ̀nà.

Wáyà kan kò gbọ́dọ̀ gùn ju mítà 100 lọ láti ẹ̀rọ kan sí èkejì. Ẹ má sì so ó mọ́ wáyà iná NEPA lókè àjà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ de orí wáyà fúnra yín, ọ̀nà kan ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé níhà méjèèjì. Èyí tí ọ̀pọ̀ ń lò, tí wọ́n ń pè ní T568B, tò báyìí láti ọwọ́ òsì bẹ́ ẹ bá yí ẹ̀yìn orí náà, ibi tí kò ní ìkọ́, sọ́dọ̀ ara yín, tí ihò rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀: funfun oníla ọsàn, ọsàn, funfun oníla ewé, búlúù, funfun oníla búlúù, ewé, funfun oníla búráùn, búráùn.

Àdírẹ́sì: ibi tí ẹ̀rọ ti ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀

Bí iná ihò bá tàn tí íntánẹ́ẹ̀tì kò sì sí, ẹ ṣí Command Prompt (ojú dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí nínú Windows) lórí kọ̀ǹpútà náà, kẹ́ ẹ tẹ ipconfig /all, kẹ́ ẹ sì ka ohun mẹ́rin: IPv4 Address (àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà náà), Default Gateway (àdírẹ́sì ráútà tó ń gbà jáde), DHCP Server (ẹ̀rọ tó pín àdírẹ́sì fún un), DNS Servers (àwọn tó ń yí orúkọ ìkànnì sí nọ́mbà). Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ gbé méjèèjì síra. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín wọn ni ẹ máa lé.

Bí àdírẹ́sì bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà béèrè àdírẹ́sì, kò sì rí ẹni dá a lóhùn, ó wá fún ara rẹ̀ ní ọ̀kan. Ó lè jẹ́ wáyà, ó lè jẹ́ pé ráútà ti kú, ó sì lè jẹ́ pé àdírẹ́sì ti tán. Èyí tó kẹ́yìn yìí wọ́pọ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ọ̀pọ̀ ráútà ni wọ́n ṣètò láti pín bí ọgọ́rùn-ún àdírẹ́sì, bí àpẹẹrẹ láti 192.168.1.100 dé 192.168.1.199. Òṣìṣẹ́ 25 tí kálukú ní fóònù méjì àti kọ̀ǹpútà kan ti jẹ 75 nínú rẹ̀. Ẹ fi kámẹ́rà, pírńtà, tẹlifíṣọ̀n yàrá ìpàdé àti fóònù àwọn oníbàárà kún un. Ẹni tó pẹ́ dé iṣẹ́ ni kò ní rí àdírẹ́sì, ẹni tó tètè dé á sì máa sọ pé kò sí wàhálà. Ẹ wọ inú ráútà, ẹ fẹ ibi ìpín yẹn síi (ó lè tó 250 nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì irú èyí), ẹ dín wákàtí tí àdírẹ́sì ń wà lọ́wọ́ ẹnì kan kù, kẹ́ ẹ sì dá Wi-Fi tiwọn sílẹ̀ fún àlejò. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ipconfig /release àti ipconfig /renew lórí kọ̀ǹpútà náà.

Bí Default Gateway kọ̀ǹpútà tó kọ̀ bá yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù, ráútà méjì ló ń pín àdírẹ́sì nínú ilé yín. Ẹnì kan ló fẹ́ kí Wi-Fi lágbára nídìí tábìlì òun, ó gbé ráútà àtijọ́ wá láti ilé, ó fi wáyà so ó mọ́ ògiri. Inú rere ni, àmọ́ láti ìgbà yẹn, bí àwọn kọ̀ǹpútà bá ti ń béèrè àdírẹ́sì, ráútà tó bá kọ́kọ́ dáhùn ni wọ́n ń gbà gbọ́. Ẹ máa rí i pé íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kan, kì í ṣiṣẹ́ fún àwọn kan, lọ́la ó tún lè jẹ́ àwọn mìíràn. Lórí kọ̀ǹpútà tó kọ̀, ẹ ṣí àdírẹ́sì Default Gateway yẹn nínú Chrome. Ojú ewé ìwọlé rẹ̀ á sábà fi irú ráútà tó jẹ́ hàn yín, ẹ ó sì mọ ohun tẹ́ ẹ máa wá kiri lábẹ́ tábìlì. Bẹ́ ẹ bá rí i, kò pọn dandan kẹ́ ẹ jù ú nù. Ẹ pa DHCP inú rẹ̀, ìyẹn ètò tó fi ń pín àdírẹ́sì, ẹ fún un ní àdírẹ́sì tí kò bá ti ẹlòmíràn jà, ẹ so wáyà mọ́ ihò LAN rẹ̀ (èyí tó wà fún àwọn ẹ̀rọ inú ilé), á sì di Wi-Fi lásán tó wúlò fún yàrá yẹn. Ẹ bá ẹni náà sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́, kí ẹlòmíràn lè fẹjọ́ sùn nígbà tiwọn dípò kó gbé tirẹ̀ wá.

Àdírẹ́sì kan náà lọ́wọ́ ẹ̀rọ méjì tún wà. Wọ́n á fún pírńtà ní 192.168.1.120 láti ọwọ́, láìmọ̀ pé àárín èyí tí ráútà ń pín ló bọ́ sí. Lọ́jọ́ kan, ráútà á fún fóònù ẹnì kan ní 120. Pírńtà á máa ṣiṣẹ́, á sì máa kọ̀. Ohun tó ń dúró títí ni pé kẹ́ ẹ wọ inú ráútà, kẹ́ ẹ fi àdírẹ́sì pamọ́ fún pírńtà, sáfà àti kámẹ́rà, tàbí kẹ́ ẹ fún wọn ní nọ́mbà tó wà lẹ́yìn òde ibi ìpín.

Ẹ fi ping tọ ọ̀nà náà

Inú Command Prompt yẹn náà ni kẹ́ ẹ wà. Ping ni àṣẹ tó ń ké sí ẹ̀rọ kan láti mọ̀ bóyá á dáhùn. Ẹ tẹ ping àti àdírẹ́sì Default Gateway yín, bí àpẹẹrẹ ping 192.168.1.1. Bí ìdáhùn kò bá wá, inú ilé ni wàhálà wà, ẹ padà sí wáyà àti àdírẹ́sì. Bó bá wá, ẹ tẹ ping 8.8.8.8. Èyí wà níta, ó jẹ́ ti Google. Bí gateway bá dáhùn tí 8.8.8.8 kò dáhùn, ọ̀rọ̀ wà láàárín ráútà yín àti ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ìgbà yìí ló tó kẹ́ ẹ pè wọ́n. Bí 8.8.8.8 bá dáhùn, ẹ tẹ ping google.com. Bí èyí bá kọ̀, íntánẹ́ẹ̀tì wà, àmọ́ DNS, tó ń yí orúkọ sí nọ́mbà, ló kú. Ẹ tẹ ipconfig /flushdns. Bí ìyẹn kò bá ràn án, ẹ fi 8.8.8.8 àti 1.1.1.1 sínú ibi DNS ní ráútà, kí gbogbo ilé lè jàǹfààní.

Ẹ kíyè sí i pé Windows sábà máa ń kọ̀ láti dá ping lóhùn nítorí ààbò, nítorí náà bí kọ̀ǹpútà aládùúgbò yín kò bá dáhùn, kò túmọ̀ sí pé ó ti kú.

Bí gbogbo ping bá dáhùn tí bráwúsà sì ń sọ pé ojú ewé kò ní ààbò, ní gbogbo ìkànnì, ẹ wo déètì tó wà nísàlẹ̀ kọ̀ǹpútà. Bátìrì kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà, CR2032, tó ń rántí àkókò bí iná kò bá sí. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí iná ń gé mọ́ lójoojúmọ́ á tètè jẹ bátìrì yẹn tán, lẹ́yìn ìyẹn ìgbàkígbà tó bá tàn á rò pé ọdún mìíràn la wà. Ìwé ẹ̀rí ààbò àwọn ìkànnì kò ní bá ọdún yẹn mu, bánkì kò ní ṣí, ímeèlì kò ní wọlé. Bátìrì náà kò wọ́n. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń múra láti ra ráútà tuntun nítorí rẹ̀.

Bó bá ń ṣiṣẹ́ àmọ́ tó ń fà

Ẹ wọn iyára pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan tẹ́ ẹ fi wáyà so mọ́ ráútà tààrà, nígbà tí kò sí ẹlòmíràn lórí rẹ̀. Ẹ rántí pé Mbps ni wọ́n fi ń ta á, tí kọ̀ǹpútà sì ń fi MB ka fáìlì tó ń wọlé. Mẹ́jọ ti àkọ́kọ́ ló ń ṣe ọ̀kan ti èkejì. Ẹni tó ra 40 Mbps tó rí 5 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan ti rí ohun tó san owó fún.

Bí wáyà bá yá tí Wi-Fi ń fà, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ni. Nínú ilé alájà púpọ̀ ní Wuse 2, ẹ ṣí fóònù yín, kẹ́ ẹ ka iye Wi-Fi tẹ́ ẹ rí. Gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ pọ̀. Lórí 2.4 GHz, ọ̀kan nínú àwọn ìgbì tí Wi-Fi ń lò, ẹ lo ọ̀nà (channel) 1, 6 tàbí 11 nìkan, torí àwọn ló wà tí kò gun ara wọn. Ẹ kó àwọn tó sún mọ́ ráútà lọ sí ìgbì 5 GHz, tó yára jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè la ògiri búlọ́ọ̀kù púpọ̀ kọjá. Fún yàrá tó jìnnà, wáyà kan tó lọ síbẹ̀ pẹ̀lú Wi-Fi kékeré ní ìparí rẹ̀ sàn ju ẹ̀rọ tó ń tún Wi-Fi sọ lọ.

Bí wáyà náà bá ń fà ní ọ̀sán nìkan, ẹnì kan ló ń jẹ ẹ́ tán. Àwọn tí mo máa ń bá níbẹ̀ ni Windows Update tó ń wọlé sórí gbogbo kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ kan náà, OneDrive tàbí Google Drive tó ń gbé fáìlì lọ sókè, àti kámẹ́rà CCTV tí ọ̀gá ń wò láti ilé. Gbígbé lọ sókè ló burú jù: bí ọ̀nà òkè bá kún, ìsàlẹ̀ náà á fà, nítorí pé ìbéèrè yín kò ráyè kọjá. Ẹ wọ ráútà, ẹ wo ẹni tó ń lò jù, ẹ fi ààlà sí i.

Bí iná gbogbo ihò súwíìṣì bá ń ṣẹ́jú pọ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, tí gbogbo ilé sì kú lójijì, ẹnì kan ti so orí méjì wáyà kan mọ́ súwíìṣì kan náà. Ọ̀rọ̀ á máa yí po títí kò fi ní sí àyè fún ohunkóhun. Ẹ yọ wáyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí á fi rọlẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ yọ kẹ́yìn ni.

Sáfà àti fólúdà tí ẹ jọ ń lò

Bí kọ̀ǹpútà tuntun kò bá rí fólúdà tí àwọn yòókù ń ṣí, ẹ wò ó bóyá Windows ti pe nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì yín ní Public. Ẹ yí i sí Private. Bó bá jẹ́ Windows 11 ẹ̀dà 24H2 ni, ìdí mìíràn lè wà níbẹ̀: kì í gbà láti wọ ibi ìpamọ́ tí kò béèrè orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà mọ́. Ọ̀pọ̀ ibi ìpamọ́ àtijọ́ ni wọ́n ṣí sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n lè sọ fún yín pé kẹ́ ẹ pa ààbò Windows. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé owó oṣù àti ìwé àwọn oníbàárà ló wà níbẹ̀. Ẹ dá orúkọ ìwọlé sílẹ̀ fún kálukú lórí ibi ìpamọ́ náà.

Nígbà tó bá wá kan ìta lóòótọ́

Ẹ wo àpótí fáíbà. Bí iná LOS bá pọ́n, ìmọ́lẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ yín mọ́. Ẹ wò ó bóyá wọ́n tẹ wáyà tínínrín yẹn ní igun tàbí tábìlì jókòó lé e, torí gíláàsì ló wà nínú rẹ̀. Ẹ má yọ orí rẹ̀, ẹ má sì fi ojú wo inú rẹ̀. Bí kò bá sí nǹkan kan nínú ilé, ó ṣeé ṣe kí àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ ojú títì ti gé e níbì kan. Ẹ bi ọ́fíìsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín léèrè bóyá tiwọn náà lọ. Nígbà mìíràn ó jìnnà ju ìyẹn lọ: ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹta 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, iṣẹ́ bánkì àti ilé-iṣẹ́ púpọ̀ sì dẹnu kọlẹ̀ ní Nàìjíríà. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan ráútà yín.

Àwọn tó ń lo àwo sátẹ́láìtì á rí i pé òjò líle ń dí i, á sì padà bí òjò bá dá. Bí rédíò orí òrùlé yín bá ti ń fà láti ọjọ́ ìjì kan, ó ṣeé ṣe kí atẹ́gùn ti yí i díẹ̀. Bí òjò bá ṣú, kí àrá tó bẹ̀rẹ̀ sí í sán, ẹ yọ iná àti wáyà tó wá láti ìta, méjèèjì, nítorí pé àrá máa ń gba inú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé. Láàárín ilé kan sí èkejì nínú ọgbà kan, fáíbà ni kẹ́ ẹ lò. Kì í gbé iná.

Bẹ́ ẹ bá pe ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ti dán wò fún wọn: “A fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà, gateway ń dáhùn, 8.8.8.8 kò dáhùn, iná LOS pọ́n láti aago mẹ́sàn-án.” Gbólóhùn yẹn á gbà yín lọ́wọ́ ìbéèrè ìdajì wákàtí. Ẹ gba nọ́mbà ẹjọ́ náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú aago. Bí wọn kò bá yanjú rẹ̀, nọ́mbà NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, fún ẹ̀sùn ni 622, wọ́n á sì béèrè nọ́mbà ẹjọ́ yẹn lọ́wọ́ yín.

Ìwé yẹn gan-an, ẹ rà á lónìí. Orúkọ gbogbo ẹ̀rọ, àdírẹ́sì rẹ̀, ihò súwíìṣì tó wọ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ pààrọ̀ nǹkan, ohun tẹ́ ẹ rí lọ́jọ́ tí wàhálà ṣẹlẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà ráútà kò gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ fi sínú àpò ìwé tí a lẹ̀ pa lọ́wọ́ ọ̀gá.

Bí iṣẹ́ yín kò bá lè dúró, ẹ ra íntánẹ́ẹ̀tì kejì tó ń gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Fáíbà méjì tó wá láti orí òpó kan náà á gé lọ́jọ́ kan náà; fáíbà kan àti 4G kan sàn jù. Ráútà tó ní ihò WAN (ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń wọlé láti ìta) méjì lè yí láti ọ̀kan sí èkejì fúnra rẹ̀. Ní Sátidé kan tí kò sí oníbàárà, ẹ fọwọ́ ara yín yọ wáyà tó ti àpótí fáíbà wọ ráútà, kẹ́ ẹ jókòó, kẹ́ ẹ wo bí ìyípadà náà ṣe pẹ́ tó, kẹ́ ẹ sì rí i dájú pé dátà ṣì wà lórí síìmù 4G yẹn.